Kòtíìgbẹ àti Kóòtù Baba Aṣọ́gèètì

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni owó àtifọ kóòtù kan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, tòun ti ìlọṣọ. Ẹni tó ni kóòtù ti san án tán pátá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì kò san kọ́bọ̀.

Alágbàfọ̀ lẹni tó wọ̀ ọ́. Kòtíìgbẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá a lọ́jọ́ Sátidé pé aṣọ dà, á ní kò tíì gbẹ. Oòrùn lè máa ran kó fẹ́rẹ̀ẹ́ yan èèyàn, aṣọ ò ní tíì gbẹ. Tó bá di Mọ́ńdè, aṣọ á ti wà nílẹ̀, gẹrẹrẹ, ó ń ta sánsán. Ibi tí aṣọ gbà lọ láàárín Sátidé sí Mọ́ńdè, òun nìkan ló mọ̀, àti Ọlọ́run, àti ìyàwó rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ dé, á kọ́kọ́ fi ojú wọn èjìká rẹ̀. Tí èjìká bá ti bára mu, á dá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ tiẹ̀ ń lọ ná?" Inú oníbàárà á dùn, á ní alágbàfọ̀ yìí mà nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́run. Kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì tí alágbàfọ̀ ò ní wọ aṣọ náà lọ ló ń wádìí, kí wọ́n má baà pàdé. Ibi tó bá sì lọ lọ́sẹ̀ yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó padà débẹ̀. Báyìí ló ṣe di àlejò pàtàkì káàkiri. Níbì kan wọ́n rò pé lọ́yà ni. Níbòmíì wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wọn ṣe alága ìpàdé, ó ní òun máa rìnrìn àjò.

"Lọ́jọ́ tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, "má dárúkọ mi o. Sọ fún wọn pé àpọ́n ni ẹ́."

"Ìyá ọmọ, ṣé mo jí i ni? Ṣebí mo ń dá a padà."

"O ń dá a padà. Àágùn ẹ tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

Kì í kúkú ṣe fáàrí nìkan. Ẹni tó ń fọ aṣọ gbogbo ayé, ṣẹ́ẹ̀tì méjì péré ló ní, ọ̀kan sì ti já lọ́rùn. Ó ti wọ èyí tó já yẹn lọ sílé Ọlọ́run rí. Wọ́n kí i káàbọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n wá ní kó lọ jókòó sẹ́yìn òpó. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé ojú òun ò ní rí ẹ̀yìn òpó mọ́.

Ẹni tó ni kóòtù ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni Baba Aṣọ́gèètì, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ gèètì iléèwé. Kóòtù kan ṣoṣo tí baba ní láyé nìyẹn, òun ló fi gbéyàwó. Nígbà tí baba wá gbà á nírọ̀lẹ́ Sátidé, Kòtíìgbẹ fọwọ́ họrí.

"Kò tíì gbẹ, sà."

Baba wo oòrùn. Ó wo okùn ìsáṣọ tó wà lófìfo. "Ó dáa, ọmọ mi. Màá wọ súwẹ́tà."

Ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ odò ni baba ń lọ, nítorí náà, nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Kòtíìgbẹ gbé kóòtù wọ̀, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè lọ. Kò gbọ́ pé ìjì ọjọ́ Jímọ̀ ti ká páànù ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ odò lọ ráúráú, pé pásítọ̀ wọn sì ti ní kí kálukú lọ jọ́sìn lórí òkè. Ẹni tó ń sá fún òjò ló sá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n ní kí àwọn àlejò bọ́ síwájú. Ibẹ̀ gan-an ni Kòtíìgbẹ fẹ́ràn jù. Ó ń mi èjìká bọ̀ bí ẹni tó ni ilé epo, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn àlejò mìíràn ń tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó rí bàtà kan tó ti pẹ́. Ó gbójú sókè díẹ̀, ó rí súwẹ́tà tí ìgúnpá rẹ̀ ti lu. Ó tún gbójú sókè.

Baba Aṣọ́gèètì ni.

Kòtíìgbẹ wo ẹnu ọ̀nà, ó jìnnà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Kí baba sáà ti ní "kóòtù mi rèé," ó parí nìyẹn. Ta ló tún máa gbé aṣọ fún un fọ̀? Kí wọ́n tó jáde nínú ìsìn, orúkọ rẹ̀ á ti di olè.

Arábìnrin tó mú máìkì lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ káàbọ̀ o. Ta ló mú yín wá sáàárín wa?"

Baba na ọwọ́, ó gba máìkì. Ó wúkọ́. Ikọ́ yẹn gùn ju ìwàásù lọ létí Kòtíìgbẹ.

"Èmi ni," baba wí. "Èmi ni mo mú un wá."

"Baba, ṣebí àlejò lẹ̀yin náà?"

"Àlejò ò lè mú àlejò wá ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Baba yíjú sí i, ó bá a de kóòtù, ó tún ọrùn rẹ̀ ṣe. "Bọ́tìnnì kejì yẹn máa ń já," ó sọ ọ́ sí i létí. "Rọra mí."

Nígbà tí wọ́n jáde, Kòtíìgbẹ tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó ń bọ́ kóòtù lójú títì.

"Wọ̀ ọ́ padà jàre. Ṣé o fẹ́ fi singiléètì han àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Baba, ẹ gba owó yín padà. Ẹ gba ìlọ́po méjì."

"Mi ò ta nǹkan kan fún ẹ."

"Ẹ bá mi wí nígbà náà! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi bò mí?"

Baba dúró kó lè mí. "Ádámù dẹ́ṣẹ̀, ojú tì í, ó lọ gán ewé mọ́dìí. Ọlọ́run bá a wí, àbí kò bá a wí? Ṣùgbọ́n kó tó lé e jáde, ó rán aṣọ awọ fún un. Ọlọ́run ò jẹ́ kó jáde níhòhò. Ṣé èmi aṣọ́gèètì ni kí n wá tú ẹ síhòhò?"

Kòtíìgbẹ wọ kóòtù padà, wọ́n dé ìsàlẹ̀. "Baba," ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "awọ yẹn á mà ṣòro fọ̀ o."

"Tèmi lo máa kọ́kọ́ fọ̀. O ti làágùn sí i."

Ó fọ̀ ọ́. Kò sì wọ aṣọ oníbàárà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Oṣù méjì ló fi ń gbóòórùn kọ́là aṣọ oníbàárà ní gbogbo Mọ́ńdè. Ó padà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó já lọ sórí òkè, ó jókòó sẹ́yìn òpó, ó sì rí i pé ìwàásù ń débẹ̀. Nígbà tó yá, ó ra kóòtù àlòkù kan, aláwọ̀ búlúù, èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìyẹn náà ló wá pòórá lára ìṣó lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta nínú oṣù kẹwàá. Kòtíìgbẹ wá a tì, ó bínú wọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Wọ́n pe àwọn àlejò síwájú, àfi kó rí àbúrò ìyàwó rẹ̀, akunlé, tó ń mi èjìká bọ̀ nínú kóòtù búlúù, ọ̀dà funfun ti ta sí ọwọ́ kóòtù náà kan. Òun náà rí àna rẹ̀, ó dúró gbagidi.

"Bùrọ̀dá, ta ló mú yín wá?" ni arábìnrin onímáìkì bi í.

Kòtíìgbẹ dìde lẹ́yìn òpó, ó ní, "Èmi ni mo mú un wá," ó lọ bá a de bọ́tìnnì kejì, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ dáadáa.