Ẹní Tí Àwọn Ìyá Wa Tẹ́ Sẹ́nu Géètì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò gba ojú páànù kan wọ yàrá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì rin ẹní kan tí mo ti ká sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wọ́ ọ síta, ó sá a sórí fẹ́ǹsì, ó fi ọwọ́ bo imú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká kúkú jù ú nù? Ẹní rọ́bà pọ̀ lọ́jà jàre." Kí n tó dá a lóhùn, oòrùn ti mú ẹní náà, òórùn koríko odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀, òórùn ẹrẹ̀ àti ti ewé gbígbẹ pọ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ọmọdé máa ń rò pé bí àgbà bá jókòó jẹ́ẹ́ tó ń wo ọ̀kánkán, adùn ìgbà èwe ló ń rántí. Ìbínú ni tèmi. Ó ti pẹ́ nínú mi, kò sì tíì rọlẹ̀.

Ìgándò ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí Ìgándò ṣì jẹ́ abúlé tí èèyàn ti lè mọ ohùn àkùkọ ilé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ọmọ Àwórì, ọmọ onílẹ̀, ni ìyá mi. Bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló sì ń ṣe. Owó epo ti dé nígbà náà, mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ń kọ́lé, ẹni tí kò ní náà ń fi ẹnu kọ́ ọ. Sìmẹ́ǹtì bo bàbá mi débi pé àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ la tó ń rí àwọ̀ rẹ̀ gan-an.

Ní ìsàlẹ̀ abúlé, ibi tí odò ti ń rọra ṣàn, koríko kan wà tó ga ju èèyàn lọ. Òun ni àwọn obìnrin wa fi ń hun ẹní. Wọn á wọ odò dé orúnkún, wọn á gé e, wọn á sá a títí yóò fi gbẹ, wọn á pa díẹ̀ láró, wọn á wá jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wọn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pa etí ẹní tirẹ̀. Ìyá mi máa ń ká etí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì fi okùn aláró kan ṣoṣo gbá a lọ gbọọrọ. Ẹni tó bá rí i lọ́jà Ìkọ̀tún á ní, "Ẹní Ìyá Mùrí nìyí." Mùrí ni ẹ̀gbọ́n mi. Orí ẹní ni wọ́n ti bí wa, orí ẹní la ti ń jẹun, orí ẹní náà ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, tọkọtaya òyìnbó kan dé sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá títì. Ìjọ wọn lókè òkun ló rán wọn wá ṣe iṣẹ́ àánú, ọdún kan péré ni wọ́n sì fẹ́ lò. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin máa wá hun ẹní, báàgì àti abẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn yóò bá wa tà á fún àwọn olówó Èkó, èrè rẹ̀ ni yóò sì rán wa lọ sí ilé ìwé gíga. Àwọn èèyàn sọ ọkọ ní Bàbá Ẹlẹ́ní, bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sórí ẹní kí eékún rẹ̀ má dún. Mísíìsì ni à ń pe ìyàwó. Bọ̀dá Jósẹ́ẹ̀fù ni ògbufọ̀ wọn, aládùúrà tí kì í bọ́ sùtánà funfun, tí kì í sì í wọ bàtà.

Mi ò ní pa irọ́ mọ́ wọn nítorí pé mo kórìíra wọn. Mísíìsì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ egbò ẹsẹ̀ mi títí ó fi jinná. Ó ń fún wa ní mílíìkì, ó kọ́ wa lórin, ó sì máa ń fi ọwọ́ pa mí lórí bí iṣẹ́ mi bá dára. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi dùn mí wọnú egungun.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àlejò olówó máa ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá láti Èkó. Ẹ wá wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe wá lẹ́wà lọ́jọ́ náà: irun dídì, àtíkè lọ́rùn, tìróò lójú, aṣọ tuntun tí owó epo rà. Ìyá mi á fi yẹtí góòlù sí mi létí, èyí tí wọ́n rà fún mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Bí a bá dé ọ̀hún, Mísíìsì á kó wa wọ yàrá ẹ̀yìn. Á fi aṣọ tútù nu tìróò wa, á yọ yẹtí wa, á kó wọn sínú agolo mílíìkì, á wá wọ gáùn aláwọ̀ eérú kan fún wa, èyí tí etí rẹ̀ ti ya. A rò pé yúnífọ́ọ̀mù ni. Òfin kan sì wà: lọ́jọ́ àlejò, ìyá ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú.

"Ṣé ojú wa ò dára tó ni?" ìyá mi bi Bọ̀dá Jósẹ́ẹ̀fù lọ́jọ́ kan. Ó ní rárá o, kí èrò má baà pọ̀ jù ni.

Ó di Sátidé kan, obìnrin kan tó wọ léèsì olówó ńlá dúró tì mí. Bàbá Ẹlẹ́ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀ tán lédè òyìnbó, ó ti gbàdúrà, wọ́n ti ṣàmín, obìnrin náà sì ń nu ojú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta ló wá ń fún ẹ lóúnjẹ báyìí?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìyá wo? Èyí tí wọ́n ní ó ti kú?"

Mo wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìyá mi wà nílé, mà. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó nígbà tí mo jáde."

Ó yíjú sí Bọ̀dá Jósẹ́ẹ̀fù. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣebí òyìnbó yìí ní kò sí èyí tó ní ìyá tàbí bàbá nínú wọn? Ṣebí ọmọ òrukàn ló pè wọ́n?" Bọ̀dá Jósẹ́ẹ̀fù ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Mo bá wo Mísíìsì. Ó ti gbọ́ Yorùbá tó láti mọ ohun tí à ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì fi ìka bo ètè rẹ̀, pé kí n dákẹ́.

Mo sáré jáde. Gáùn eérú náà wà lọ́rùn mi, yẹtí mi wà nínú agolo.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé oyún wà nínú ìyá mi, oṣù rẹ̀ sì ti ń pé lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè wọ odò mọ́. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé aboyún, ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ń dúró lójú ọ̀sán, lóṣooṣù, tó ń sọ láàárín èrò pé ó ti kú, tí àwọn èèyàn sì ń ṣe àmín sí i.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú. Bàbá mi ń mu gàárì lọ́wọ́. "Èmi náà ti kú?" ó béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Òkú ni mo wá jẹ́, tí mo ti ń ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi ìgbà tó gbé abọ́ sílẹ̀ láìmu gàárì náà tán. Ó dìde, ó ń wá òòlù rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá Mùrí," ìyá mi ní. "Bí ẹ bá lù ú, ẹ̀yin lẹ máa di ọ̀daràn, òun ni wọ́n á máa ṣàánú. Ẹnu tó fi pa mí ló máa fi jí mi. Níwájú àwọn àlejò rẹ̀ ni, kí n tó bímọ."

Ó ní kí n padà síbi iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Oṣù yẹn ni mo kọ́ bí a ṣe ń kí ọ̀tá lórí ìkúnlẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo béèrè yẹtí mi, Mísíìsì ní òun yóò wá a. Ìyá mi ń lọ láti ilé dé ilé, ẹsẹ̀ wíwú náà ló ń wọ́, ó ń bá àwọn ìyá yòókù sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bó bá délé, á jókòó ti ẹní tuntun kan tó ń hun. Kò jẹ́ kí n bá a fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Sátidé àlejò pé, mọ́tò àkọ́kọ́ yà kúrò lórí títì, kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn ìyá wa ti tẹ́ ẹní sẹ́nu géètì láti òpó kan dé èkejì, wọ́n sì dùbúlẹ̀ lé e lórí gbalaja, pẹ̀lú aṣọ funfun dé ọrùn, òwú nímú, ojú dídì. Àwọn aládùúrà inú wọn wọ sùtánà. Ìyá mi wà láàárín, lórí ẹní tuntun tó hun náà, ikùn rẹ̀ ga lábẹ́ aṣọ. Àwọn bàbá tó ti kú náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń jẹ obì.

Àwọn àlejò sọ̀kalẹ̀, obìnrin oníléèsì ló ṣáájú. Bàbá Ẹlẹ́ní sáré jáde, ó ní kí lèyí. Ìyá mi ò la ojú.

"Jósẹ́ẹ̀fù, sọ fún ọ̀gá rẹ pé òkú ni wá. Òun ló túfọ̀ wa, ẹni tó bá sì túfọ̀ òkú ni yóò fi ibi sàréè hàn. Kó wá sin wá. Kó sì tètè lọ ra ẹran tí wọn yóò fi ṣe ọjọ́ kẹjọ wa."

Ọ̀kan nínú àwọn òkú rẹ́rìn-ín, òwú ta jáde nímú rẹ̀. Gbogbo ojú títì bú sẹ́rìn-ín, ojú òyìnbó sì pọ́n. Ó sọ̀rọ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀. Bọ̀dá Jósẹ́ẹ̀fù gbé ojú sókè, lọ́jọ́ yẹn kò fi nǹkan kan pamọ́. "Ó ní òun ò ní èrò búburú. Ó ní bí òun ò bá ní ẹ ti kú, ta ni yóò ra ẹní?"

Ẹ̀rín tán. Ìyá mi la ojú. "Mi ò béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ní mo wà láàyè. Kó fi Yorùbá sọ ọ́, kí ilẹ̀ yìí lè gbọ́."

Oòrùn ń mú, òógùn ń ṣàn lójú ìyá mi, bàbá mi ti dìde dúró. Òyìnbó náà ń wo fèrèsé òkè ṣáá. Mo wo ibẹ̀, mo rí i tí kọ́tìnì mì. Mísíìsì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gba òun, ó kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ dún. Ó ń lọ láti orí ẹní kan sí èkejì, à ń sọ orúkọ fún un, òun náà ń pè é pẹ̀lú ahọ́n tó wúwo: ìyá báyìí kò kú, ìyá báyìí wà láàyè, mo purọ́. Ẹni tó bá ti dárúkọ yóò dìde. Ìyá mi ló kẹ́yìn. "Ìyá Mùrí kò kú," ó ní. Ìyá mi dìde jókòó, ó yọ òwú imú rẹ̀, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ó ra àgbò. A pa á lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá mi jẹ níbẹ̀, ó ní òun ti dárí jì í. Èmi náà jẹ níbẹ̀, àyà ni wọ́n fún mi, mi ò sì dárí ji ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́, ìyá mi bí ọmọbìnrin wẹ́rẹ́. Bàbá mi sọ ọ́ ní orúkọ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n Yétúndé ni gbogbo Ìgándò ń pè é, wọ́n ní ṣebí ìyá kú, ìyá sì padà wá. Ìyá mi gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó lo ìyókù ọdún wọn láìsí ọmọ kankan nídìí iṣẹ́, wọ́n sì lọ. Mi ò rí yẹtí mi gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ti ń lọ sí Ìkẹjà, mo máa ń dúró wò ó, kí n gégùn-ún fún obìnrin tó fi ìka bo ètè sí mi, pé ibi tó bá wà, kí etí máa hó o.

Wọ́n ti fi yanrìn dí ìsàlẹ̀ odò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí, kò sì sí ọmọ Ìgándò kan tó mọ bí a ṣe ń pa etí ẹní. Àmọ́ àwọn aláàánú ṣì ń wá. Kámẹ́rà ni wọ́n ń gbé dání. Bí mo bá rí wọn pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíràn, mo máa ń béèrè pé ìyá rẹ̀ dà, mi ò sì ń rọ ohùn mi sílẹ̀.

Ìyá mi darúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó lọ, Yétúndé ló sì pa ojú rẹ̀ dé. Orí ẹní tí òjò rin yìí, èyí tó dùbúlẹ̀ lé lẹ́nu géètì, la tẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n ó ti pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ sin ín mọ́ òun, ó ní ẹní náà ti sin òun rí. Mùrí ò sí nílé, èmi ló kàn láti túfọ̀. Mo jáde sójúde, àwọn ará ilé dúró, wọ́n ń wò mí. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Mo tún la ẹnu, omijé ló jáde. Bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó nìyẹn, tí ọkùnrin kan ń fi ta báàgì àti abẹ̀bẹ̀.

Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi ká ẹní náà padà síbi tó wà. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ń sunkún?" Mo fi ọwọ́ fà á jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Mísíìsì ní kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́.