Táyà Iwájú

Láìpẹ́ yìí, mo dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Àkúrẹ́, òórùn rọ́bà tuntun sì gbé mi padà sí ọ̀sán kan tí bàbá mi mú mi lọ ra táyà ní Oǹdó. Ọkọ̀ tó ń kó gẹdú láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wà. Nígbà tí à ń lọ, ẹ̀yìn àga wọn ni wọ́n fi mí sí bí ìṣe wọn, níbi tí n kò ti lè rí ọ̀nà.

Oòrùn mú, páànù ìsọ̀ tí a yà sí ń dún pàrà-pàrà. Mo nawọ́ sí táyà tó dán jù. Ẹni tó ń tà á pariwo pé, "Ọ̀gá, ọmọ yín mọ nǹkan gidi o!"

Bàbá mi fi àtàńpàkò nù ún, ìka wọn dúdú. "Wá gbóòórùn ẹ̀. Pólíìṣì bàtà nìyẹn. Táyà àlòkù ni wọ́n kùn."

Wọ́n wá ń yẹ àwọn tó kù wò. Wọ́n ń fi èékánná tẹ̀ wọ́n, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ inú wọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n n kò sunkún. Méjì péré ni bàbá mi mú, wọ́n ní iwájú ọkọ̀ ni kí wọ́n fi táyà méjèèjì sí. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ṣílẹ̀kùn kejì fún mi.

"Ó yá, wá jókòó síwájú."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé orí àga yẹn ni àbúrò bàbá mi jókòó sí lọ́jọ́ tí táyà iwájú bẹ́, tí kò sì délé mọ́.

Lọ́jọ́ tí a ra táyà náà, mo rò pé èrè sùúrù mi ni. Mo kọrin títí a fi dé Àkúrẹ́, bàbá mi kò sì ní kí n dákẹ́.