Agogo Tí Ìbídàpọ̀ Kò Lù

Bí ẹ bá bi Ìyáàfin Ìbídàpọ̀ Adébùsóyè pé ará ibo ni, ẹ wá àga jókòó kó tó dáhùn. Oǹdó ni wọ́n bí i sí, Oǹdó ló ti ka ìwé girama, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti lọ́kọ, Àkúrẹ́ ló ti bímọ mẹ́ta, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ lédè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Nílé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn Arákálẹ̀, "ìyàwó Oǹdó" ni wọ́n ń pè é. Bó bá sì dé Oǹdó nígbà Kérésì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "Ẹ wá wò ó o, ará Àkúrẹ́ ti dé." Á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàdé nílé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní gbọ́ràn síra yín lẹ́nu. Àwọn ọmọ Man O' War á máa sáré yí pápá ká, wọ́n á máa pariwo bí ẹni tí ilé ń jó mọ́. Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ á máa bomi rin ẹ̀fọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò máa jẹ kó tó di Ẹtì. Àwọn Red Cross á máa di báńdéèjì mọ́ orí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹgbẹ́ Àríyànjiyàn ni ti Ìbídàpọ̀. Ọmọ méje péré ni wọ́n, Wúrà ló sì dáńgájíá jù nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó ń wọ mọ́tò wá láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ láràárọ̀. Láti kíláàsì kìíní ló ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti ku díẹ̀ kó dé ìdíje àṣekágbá ìpínlẹ̀. Ó ti wá wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn báyìí. Bí kò bá dé ibẹ̀ lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn.

Lóṣù kẹta, ìwé dé pé wọ́n á lọ figa gbága pẹ̀lú ilé ìwé kan ní Oǹdó; ẹni tó bá borí ló máa gba ife, òun náà ló sì máa lọ sí ìdíje àṣekágbá. Ìbídàpọ̀ ka orúkọ ilé ìwé náà, ó tún un kà. Ilé ìwé tóun fúnra rẹ̀ ti jáde ni! Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, ó sì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ tún já. Kò mọ èyí tí ì bá dì mú nínú méjèèjì.

Ẹ tún wá gbọ́ orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wọn: ṣé ó yẹ ká fòpin sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ká fi àkókò rẹ̀ kún ti ẹ̀kọ́? Wọ́n ṣẹ́ kèké lé e, ó já mọ́ Àkúrẹ́ lọ́wọ́ pé àwọn ni kó sọ pé ó yẹ. Bí obìnrin tó ń bójú tó ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, pé ẹgbẹ́ ò wúlò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wúrà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Mà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ rò ó ni?"

"Ìwọ ṣáà sọ ọ́ kó dùn létí," ni Ìbídàpọ̀ wí. Òun náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Wọ́n ní òfin kan nídìí ìdíje yìí. Kí ojúsàájú má bàa wà, olùkọ́ ilé ìwé kan ló máa ń lu agogo fún ọmọ ilé ìwé kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ní. Bí agogo bá ti dún, kó pa ẹnu dé. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, máàkì márùn-ún máa lọ.

Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn ilé ìwé náà ní Oǹdó, Wúrà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ lọ geere, àwọn ọmọ Oǹdó pàápàá ń mi orí. Ó ku gbólóhùn kan kó parí ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémiga, olùkọ́ Oǹdó, lu agogo. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé géérégé. Wúrà gbé gbólóhùn rẹ̀ mì, ó lọ jókòó.

Ọmọ tó dìde fún Oǹdó ń jẹ́ Àánú. Ìbídàpọ̀ gbé agogo tó mú wá láti Àkúrẹ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé fóònù tó ń ka àkókò sórí itan. Àánú ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó kí àwọn adájọ́ láti ọ̀tún dé òsì, ó sì fi ẹsẹ̀ kan síwájú kó tó sọ kókó kìíní. Ara Ìbídàpọ̀ bù máṣọ. Ta ló kọ́ ọmọ yìí? Bí Ìyáàfin Adépéjú, olùkọ́ wọn láyé ọjọ́un, ṣe máa ń kọ́ wọn láti sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá náà sì ti kú ó ti pẹ́. Gbọ̀ngàn yìí kan náà ni. Fèrèsé yẹn náà ni. Ọmọ náà ń sọ pé inú ẹgbẹ́ lòun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òun lóhùn, Ìbídàpọ̀ sì rí i pé ètè òun ń bá ọmọ náà lọ. Kókó kejì, ẹsẹ̀ kan síwájú. Kókó kẹta, ẹsẹ̀ kan síwájú. Àtẹ́wọ́ ló jí i. Ó wo fóònù: ìṣẹ́jú mẹ́fà ti kọjá. Agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dún.

"Àkókò ńkọ́, Mà?" Akọ̀wé àwọn adájọ́ ló ń béèrè.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún," ni ẹnu rẹ̀ sọ. Ẹ má bi mí ìdí, òun gan-an ò mọ̀.

Oǹdó fi máàkì méjì péré gbé ife. Àánú wá kúnlẹ̀ kí i nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ilé ìwé àwọn ni tẹ́lẹ̀. Ìbídàpọ̀ dáhùn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti dàrú. Bó bá dákẹ́, ó ti rẹ́ Wúrà jẹ. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ má lu agogo kí ọmọ Oǹdó lè pàdánù. Àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ni? Ó wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbéra padà sí Àkúrẹ́.

Wọ́n dúró ní Òwenà kí àwọn ọmọ lè ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wúrà nìkan ni kò sọ̀ kalẹ̀. Ìbídàpọ̀ yíjú sẹ́yìn. "Wúrà, mi ò lu agogo fún ọmọ yẹn."

"Mo mọ̀, Mà." Ó na ọwọ́ tí aago rẹ̀ wà. "Mo ń ka á bọ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mo ń retí pé ẹ máa sọ ọ́ ni."

Ojú ti Ìbídàpọ̀ débi pé kò lè gbé e sókè. Ó ní kí awakọ̀ yí padà sí Oǹdó. Awakọ̀ kùn, ó sì yí padà.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, àwọn adájọ́ ò tíì tú ká. Àgbà inú wọn gbọ́ ọ tán, ó tẹjú mọ́ Ìbídàpọ̀. "Ìyáàfin, ṣé ẹ gbàgbé ni àbí ẹ fi í sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ lóòótọ́."

Wọ́n yọ máàkì márùn-ún kúrò nínú ti Oǹdó, wọ́n gba ife lọ́wọ́ Àánú, wọ́n gbé e fún Wúrà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémiga kò kí Ìbídàpọ̀ mọ́. Omi lé ròrò sójú Àánú. "Mà, ṣé mo sọ̀rọ̀ jù ni?"

"O ò ṣẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó kọrin nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n ń padà sí Àkúrẹ́. Ife wà lórí ìjókòó, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wúrà dìde lẹ́yìn, ó wá jókòó ti olùkọ́ rẹ̀.

"Mà, ta lẹ fẹ́ kó wọlé gan-an?"

Ìbídàpọ̀ la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé "ìwọ ni", kò jáde. Ẹkún ló jáde. Agogo tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún woroworo bí bọ́ọ̀sì ṣe ń gbọ̀n. Wúrà mú un, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó má bàa dún mọ́, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé Àkúrẹ́.