Ohun Tí Colm Wí Kí Iná Tó Gbé Làtíìfù

Làtíìfù kì í ṣe ẹni tó ń jókòó pẹ́. Oúnjẹ kì í tíì dà nínú rẹ̀ tí yóò fi dìde. Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe ní Peckham, òun àti Colm, ọkùnrin kan tí wọ́n bí sí ìwọ̀-oòrùn Ireland, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Ireland tọ́mọ kí ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, ilé kan ní Nunhead ni wọ́n wà. Colm ti pa iná gbogbo ilé, Làtíìfù sì wà lórí àkàbà nínú kíṣìnnì, ó ń so wáyà. Ó ku ẹyọ kan. Ló bá gbọ́ ohùn Colm láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "I'm after putting the power on!"

Létí Làtíìfù, ẹni tó bá ní òun wà "after" nǹkan, ó ń lé e ni, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì bà á. Ó pariwo pé kó dúró ná, ó sì fi ìkánjú mú wáyà tó kù.

Iná gbé e. Àkàbà lọ sọ́tùn-ún, òun lọ sósì.

Ẹ̀mí kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún jóná, dókítà sì ní kó lọ sinmi nílé. Ìsinmi wo? Láti yàrá dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Colm ń pè é, kò gbé fóònù. Ó wọ bọ́ọ̀sì dé Old Kent Road láìní ohun tó fẹ́ rà, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó tún wọ òmíràn padà.

Àmínát, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí. "Daddy Hamid, ẹ jókòó, please. Ẹ ó fi ìrìn lu kápẹ́ẹ̀tì yìí."

"Ọkùnrin yẹn fẹ́ pa mí ni. Mo ní kó dúró, kò dúró!"

"Ṣé ẹ ti bi í?"

Ó tún kọjá sí fèrèsé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Colm fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Làtíìfù kò fún un ní àga kó tó bi í ohun tó dé tí kò fi dúró.

"Dúró kẹ̀?" ni Colm wí. "Mo ti tàn án kí n tó pè ọ́. Àkàbà dún, mo rò pé o ti sọ̀ kalẹ̀."

"O ní o wà after it!"

Colm di orí mú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé àwọn nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹran ara ọ̀rọ̀ náà, èdè Ireland ni egungun rẹ̀. Ó wí i lédè náà: "Tá mé tar éis an solas a lasadh." Ó túmọ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: mo wà lẹ́yìn títan iná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nǹkan tán ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àmínát pàtẹ́wọ́. "Lẹ́yìn ni! Ó ti ṣe é kọjá, Daddy Hamid. Ẹ̀yin rò pé ó ṣì ń lé e lọ."

Làtíìfù wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ìbínú kúrò lójú rẹ̀, ó ní kí Colm jókòó. Òun nìkan ni kò jókòó.

Nígbà tí ọwọ́ san, wọ́n jọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná láìkọ́kọ́ wá dúró níwájú ẹnì kejì. Colm ń pa á mọ́. Síbẹ̀, bí Làtíìfù bá gun àkàbà, á fi tẹ́sítà kan wáyà wò bóyá iná wà nínú rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ wo fúùsì, á tún gùn ún. Colm á di àkàbà mú fún un.