Ìjókòó Awakọ̀ ní Oṣù Ṣàábánì

Oṣù ojú ọ̀run ni ìyàwó mi fi ń ṣọ́ pàtíkúlà ọkọ̀ wa. Àwọn ènìyàn ń wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé. Òun ń retí Ṣàábánì, oṣù tó ṣáájú àwẹ̀. Bí oṣù náà bá ti lé, yóò fọ ọkọ̀, yóò ní kí wọ́n wo táyà àti bíréèkì, yóò sì wà á lọ sọ́dọ̀ àwọn VIO kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fún un ní ìwé tuntun pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó fún ọdún kan sí i. Òun ló máa ń gbé àwọn ìyá àgbà méjì kan ní àdúgbò wa lọ síbi tàfúsírì, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ Kùránì, nígbà àwẹ̀. Ó ní òun kò lè fi ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò pé gbé ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbẹ nítorí Ọlọ́hun.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ọdún tí a fi oṣù ojú ọ̀run kà kúrú ju ọdún ti kàlẹ́ńdà lọ. Ìwé wa kì í tíì parí tí yóò fi lọ gba òmíràn. Mo máa ń sọ fún un.

"Ìwé yìí ṣì ní ọjọ́ lára. Ò ń fi ọjọ́ ṣòfò."

"Ẹ jẹ́ n fi ṣòfò, Tíṣà. Èyí tó ṣẹ́kù, mo fi ta ìjọba lọ́rẹ. Ẹni tó bá tètè dé kì í bẹ ọlọ́pàá."

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àárín òjò ni Ṣàábánì ń bọ́ sí. Mo rántí rẹ̀ nínú ọgbà àwọn VIO, agboòrùn lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó bọ́ sí ìgbà òjò àkọ́rọ̀, tí ilẹ̀ ń ta sánsán. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú ooru, tó fi ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Nísinsìnyí, inú ọyẹ́ ni. Bí mo bá dijú, gbogbo wọn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn: òjò ń rọ̀, eruku ń fò, òun nìkan ló dúró síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀yìn rìn la inú ọdún kọjá bí ẹni tí kò kánjú rárá.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, àwa méjèèjì la sì ń wà á. Ó kúrú, mo ga. Bó bá wọlé, yóò fa ìjókòó awakọ̀ síwájú títí àyà rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárìn. Bí èmi náà bá wọlé, orúnkún mi á gbá a.

"Ta ló tún fa síìtì yìí síwájú?" Mo máa ń pariwo láti inú ọkọ̀.

Yóò yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná. "Ẹni tó ni ín ni!"

Tó bá di ọjọ́ kejì, òun ni kò ní í lè dé bíréèkì. "Tíṣà! Ẹsẹ̀ ràkúnmí yín tún ti débí!"

Ìjà wa nìyẹn. Ó pẹ́ tí a ti ń jà á, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kó parí.

Lẹ́yìn Iléyá ni ara rẹ̀ kò yá. Òun ló wakọ̀ wálé láti àdúgbò Ṣàngó lọ́jọ́ náà, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọkọ̀ ẹlòmíràn ló sì gbé e padà wá. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí mo tún wọ ọkọ̀ wa, orúnkún mi gbá sítíárìn. Mo na ọwọ́ sí irin abẹ́ ìjókòó láti sún un sẹ́yìn, ọwọ́ mi kò sì gbé e. Ibi tí òun fi ìjókòó náà sí ló wà. Wọ́n ti pín àwọn aṣọ rẹ̀, a ti fọ aṣọ ibùsùn. Kò sí ibòmíràn láyé yìí tí ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣẹ́kù sí. Mo ya ẹsẹ̀ mi sọ́tùn-ún àti sósì bí ọ̀pọ̀lọ́, mo sì ń wakọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò yí jígí àárín pàápàá. Dípò ọ̀nà, ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo ló ń fi hàn mí.

Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ní iye ọjọ́ tí yóò fi ṣe opó, àwọn ará ilé á sì máa bá a kà á. Ọkùnrin kò ní irú rẹ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n ṣe àdúà, nígbà tó di Jímọ́ọ̀ mo ti wà láàárín àwọn ènìyàn ní mọ́ṣáláṣí. Bóyá orúnkún mi ni mo fi ń ṣe opó tèmi.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà náà bi mí léèrè ta ni yóò máa gbé àwọn lọ síbi tàfúsírì lọ́dún yìí. Mo ní èmi ni. Nígbà tó yá, lẹ́yìn ìrun Àsárì kan, lèmọ́mù wa ní oṣù Ṣàábánì ti wọlé. Mi ò wo ọjọ́ ara ìwé. Mo délé, mo fọ ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń já mi láyà: ẹni tó bá yẹ ọkọ̀ náà wò lè sún ìjókòó yẹn.

Ọyẹ́ bo ìlú lọ́jọ́ tí mo lọ. Ní Post Office, àwọn báńkì rí bàìbàì bí ilé tí ènìyàn rí lójú àlá, àwọn tó ń sọdá níwájú mi sì ń yọ jáde látinú eruku, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé apá GRA, tí ariwo ti rọlẹ̀, ó ṣe mí bíi pé àwa méjèèjì la jọ jókòó sórí ìjókòó kan náà.

Ọ́físà tó yẹ ọkọ̀ wò jẹ́ ọkùnrin tó sanra, tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó tẹ táyà, ó ní kí n tan iná, kí n fun họ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó rí ẹsẹ̀ mi.

"Àlàájì, ṣé ọkọ̀ lẹ wọ̀ ni àbí ẹ̀wù ọmọ yín?"

Mo ní bó ṣe wà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

"Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, bí ẹni tí ewúrẹ́ já sí níwájú."

Mo gbìyànjú. Orúnkún mi há sábẹ́ sítíárìn.

"Ewúrẹ́ ti kú," ni ọ́físà wí. "Ọkọ̀ yín yege, Àlàájì. Ẹ̀yin lẹ ò yege. Ẹ sún síìtì yín sẹ́yìn, kí n lè fọwọ́ sí ìwé. Àbí irin rẹ̀ ti há ni? Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín sún un."

"Rárá!" Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ìyàwó mi ló fi síbẹ̀."

Ó wo ọkọ̀ náà dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín. "Háà! Ìyáàfin tó máa ń fi Ṣàábánì lé wa kiri? Ẹ pè wọ́n, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn."

"Kò sí mọ́," mo ní.

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé fún un, mo ní àmín. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.

"Ṣùgbọ́n bíréèkì ni bíréèkì, Àlàájì," ló wá sọ, jẹ́jẹ́. Ó kọjá lọ sídìí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi, ó sì kẹ́yìn sí mi.

Mo fọwọ́ wá irin náà, mo gbé e sókè. Ìjókòó náà dún bó ṣe máa ń dún, kó-kó-kó, ó sì gbé mi lọ sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n tú okùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi nà. Ara tù mí, ìtura náà sì dùn mí wọra. Nígbà tí ọ́físà padà, mo tẹ bíréèkì fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó tó, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Mo yí jígí kí n tó kúrò nínú ọgbà. Bí mo ṣe ń lọ sílé, ọ̀nà hàn nínú rẹ̀ ketekete: eruku, ọ̀kadà, àwọn ènìyàn tó ń kéré sí i. Mo ń wá ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo, mi ò rí i mọ́.

Nígbà tí àwẹ̀ kù díẹ̀, ọmọ wa obìnrin wá kí mi láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ní òun fẹ́ lọ ra ṣúgà àti mílíìkì tí a ó fi ṣínu. Mo wà ní fàrándà, mo ń ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé.

"Bàbá! Ta ló sún síìtì yìí sẹ́yìn báyìí? Ẹsẹ̀ mi ò tó bíréèkì!"

Kí n tó lanu, mo gbọ́ irin náà, kó-kó-kó, tó ń padà bọ̀ wá síwájú, tó sì dúró. Mo mọ ibi tó dúró sí láìwò ó.

"Ẹni tó ni ín ni," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wakọ̀ jáde. Nígbà tó dé, tí èmi náà fẹ́ jáde, orúnkún mi gbá sítíárìn. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ sínú ilé, mo sì na ọwọ́ sí irin náà.