Dókítà Hephzibah àti Ọjọ́ Ìbí Ìyá Tèmi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àárẹ̀ ṣe ń rí, kó lọ wo ojú Dókítà Hephzibah Akíntóyè ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ní kílíníìkì rẹ̀ ní Lithonia, ní ìlú òyìnbó tí a wà yìí. Igba aláìsàn ló ń rí lóòjọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi kà wọ́n. Ọmọ ìjọ wa ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Èmi náà mọ ìṣègùn: n kò lọ yunifásítì kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé pélébé tó ń wà nínú páálí oògùn ni mo ti kà tán.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé Ìyá Tèmi, ọmọ ìjọ wa kan tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Tèmi, lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Opó ni, kò tíì pé ọdún méjì tó ti Iléṣà dé. Ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé kò lè dá bàtà wọ̀. Oògùn ìrora kéékèèké kò ràn án mọ́. Ó fẹ́ èyí tó lágbára, irú èyí tí ìjọba ń ṣọ́.

"Ọmọ mi, ṣáà bá mi kọ ọ́," ló wí. "Ta ni yóò ṣe é fún wa bí ìwọ ò bá ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀, Mà."

Orí kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ yẹn wà. Bí ilé oògùn kan bá ta oògùn líle, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Dókítà tẹ orúkọ Ìyá Tèmi, ó tẹ ọjọ́ ìbí tó wà lórí fọ́ọ̀mù. Kò rí nǹkan kan.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn oorun, Mà?"

"Oògùn oorun kẹ̀? Àdúrà ni mo fi ń sùn."

"Dókítà, kọ ọ́ ká máa lọ," ni mo wí. "Òpópónà I-20 ti fẹ́ dí."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ti ń kọ ọ́ lọ nígbà tó gbójú sókè. Ìyá Tèmi ti sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ kò sì tíì parí.

Dókítà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Mà. Mà! Oṣù wo ni wọ́n bí yín?"

"Ẹ̀n? Oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ kẹrin."

"Oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí níbí. Ta ló kọ fọ́ọ̀mù yìí?"

Èmi ni. Èmi ni mò ń kọ fọ́ọ̀mù fún gbogbo àgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìjọ wa, nítorí láti ibí dé Riverdale, kò sí ẹni tó mọ̀wé kọ tó mi. Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ kí n tó kọ oṣù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Oṣù ni àwọn ará ibí ń kọ́kọ́ kà.

Dókítà ò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó yí nọ́ńbà méjèèjì padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Oògùn oorun jáde, oṣù mẹ́jọ léraléra, láti ọwọ́ dókítà kan ní Decatur. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Tèmi gba èyí tó kẹ́yìn.

"Mà, bí ẹ bá lo èyí pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ fẹ́ kí n kọ, ẹ lè sùn kí èémí yín dúró."

Ìyá Tèmi wò mí, ó wolẹ̀. "Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni mi ò ti rí oorun sùn. Ṣé kí n wá sọ ọ́ níwájú Bàbá yìí, kó di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta," ni Dókítà wí. "Ó ti yẹ kí n ní kí ẹ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó jáde. Dókítà Hephzibah ti bá dókítà Decatur sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n á máa dín oògùn oorun náà kù díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má dá a dúró lójijì o, Mà. Ẹ máa fi ìpara yìí pa ẹ̀yìn. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo ẹ̀yìn, kí wọ́n gbà yín."

"Ìpara," ni Ìyá Tèmi wí. "Mo wá torí oògùn, o fún mi ní ìpara." Kò dágbére fún un.

Aláìsàn mọ́kànlá ṣì ń dúró. Dókítà jókòó tì mí. "Bàbá, ta tún ni ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù tó ń wá síbí?" Mo dárúkọ mẹ́rin. Ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó dìde, ó pe ẹni tó kàn.

Ní gbogbo gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà ni Ìyá Tèmi ń kérora. Mò ń wa ọkọ̀, mò ń gbọ́ ọ, mo sì ń yà fún èyí tí mo bá tètè rí.