Àwo Orin Mẹ́tàdínlógún tí Bọ̀ọ̀dá Wáyà Dá Ṣe

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ojú fèrèsé yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀ lọ, ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbà pé ó gbọ́n ju bàbá mi lọ. Bọ̀ọ̀dá Wáyà ni. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí ẹ máa ń fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì padà nígbà tí rédíò bá fà á jẹ, ẹ mọ irú ẹni tí mò ń sọ. Gbogbo àdúgbò ló ní olórin tirẹ̀. Gìtá ni tiwa ń ta. Iṣẹ́ iná ló kọ́ kó tó di olórin, òun ló ń tún wáyà ṣe fún àwọn ọ́fíìsì tó wà ní Warehouse Road, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, “ó” ni n ó máa pè é nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ. Kì í ṣe àrífín. Bí mo bá ní “wọ́n ń ta gìtá,” ẹ ó rò pé ènìyàn púpọ̀ ló jọ ń ta á. Òun nìkan ni.

Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn nínú ilé wa, tirẹ̀ sì kọjú sí tiwa gan-an. Bàbá mi ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá. Bí wọ́n bá dé ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú eruku sìmẹ́ǹtì ní ìpéǹpéjú, nǹkan méjì péré ni wọ́n ń fẹ́: ẹ̀bà gbígbóná àti ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀bà kì í wọ́n nílé wa.

Kí n má purọ́ mọ́ Bọ̀ọ̀dá Wáyà, ó mọ gìtá ta. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, Góòdì, ọmọ Ùròbò kan tó ń gbé ní Bọ́ńdìrì, ló sì ń kọrin. Róòkù ni orin wọn, irú èyí tí gìtá ti máa ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn gé páànù. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á gbé bọ́fà, ẹ̀rọ tó ń gbóhùn sókè, sí àgbàlá, àwa ọmọdé á pa súwè tì. Bí Góòdì bá ń kọrin, Bọ̀ọ̀dá Wáyà á jẹ́ kí ohùn kọjá, á wá rọra ta okùn kan tàbí méjì sí i. Bí iyọ̀ ni gìtá rẹ̀ rí nínú orin wọn. Ọjọ́ tí iyọ̀ ní òun nìkan lè di ọbẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ní kó má dá ta gìtá láàárín orin ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó bínú, ó ká wáyà rẹ̀, ó kúrò nínú ẹgbẹ́. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, àwo orin tó dá ṣe ti jáde. Èmi Nìkan ló pè é. Èkejì dé, ó pe ìyẹn ní Mo Ṣì Dá Wà. Inú rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ kọrin, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn kọ̀ńténà tí òjò ti pa fún ọdún mẹ́wàá. Nínú ẹ̀kẹta, orin kan ló gba odidi ojú kásẹ́ẹ̀tì kan. Bí o bá yí i sí ojú kejì, wàá tún bá a níbi tó ti ń ta á lọ. Ìyá mi gbé ẹ̀wà kaná nígbà tí orin yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà rọ̀, a bù ú, a jẹ ẹ́, a fọ abọ́, gìtá ò tíì dé ibi tó ń lọ. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀karùn-ún, kò sẹ́ni tí kò tíì bá jà mọ́. Òun ló lu ìlù, òun ló fọn fèrè, òun náà ló pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ nígbà tí orin parí. Àwòrán kan náà ló sì wà lára páálí gbogbo wọn: Bọ̀ọ̀dá Wáyà níwájú àwọn kọ̀ńténà ní Wharf Road, tó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹ́jẹ́ǹtì tí ẹrù rẹ̀ há sí èbúté.

Mo sì fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní kí n lọ pọn omi, n ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ìlà omi á fi tú. Ìyá mi á ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè, n ó sì máa fi orí ka orin náà lọ lórí ìkúnlẹ̀. Nílé ìwé, ọmọbìnrin kan ní gìtá Bọ̀ọ̀dá Wáyà kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìlọta tó gbẹ láìsí ata nínú rẹ̀. Mo fà á láṣọ ya. Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ. Mo ka ẹgba náà sí oyè.

Àwa olólùfẹ́ rẹ̀ ò kúkú pọ̀. Èmi wà níbẹ̀. Onílé wa wà níbẹ̀, tí etí rẹ̀ ti di, tó ní òun fẹ́ràn bí àga ṣe máa ń gbọ̀n nídìí òun. Alágbàfọ̀ kan náà wà, tí kì í fẹ́ bí ẹnikẹ́ni nínú. Nítorí náà, èmi ni Bọ̀ọ̀dá Wáyà máa ń bi léèrè bí àwo orin tuntun bá jáde.

“Kúdí, báwo ló ṣe rí?”

“Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bọ̀ọ̀dá.”

Á mi orí, á wọlé, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Góòdì wọlé wá, ó bọ́ fìlà sọ́wọ́ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Bọ̀ọ̀dá Wáyà jáde sí i, kò sì ní kó jókòó.

“Wáyà, abeg, make we forget that matter,” ni Góòdì wí. “Dem don call us go play for abroad, three months. Na you we want.”

Bọ̀ọ̀dá Wáyà yíjú sí mi. “Kúdí, ìwọ lo mọ orin mi jù. Ṣé kí n bá wọn lọ sókè òkun?”

Mo wo Góòdì, mo wo gìtá tó wà lára ògiri yàrá Bọ̀ọ̀dá Wáyà. Ohun tí mo rò ni pé bó bá lọ, ta ni yóò máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀? Nínú ilé yẹn, kò sí àgbàlagbà mìíràn tó ń fẹ́ gbọ́ èrò mi.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ju ìyẹn lọ,” ni mo wí. “Àwọn ló yẹ kó máa tẹ̀lé yín.”

Bàbá mi ká kọ́tìnì sókè láti inú yàrá. “Wáyà, má dá ọmọ yìí lóhùn. Bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lọ. Ọwọ́ ẹ dáa, etí ẹ ni ò dáa.”

Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá a létí ọ̀hún gan-an. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Góòdì dé fìlà rẹ̀, ó kí bàbá mi, ó lọ. Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n kàn ní, “Ẹni tó bá ń yin ọ̀bọ pé ó mọ igi gùn, kó múra láti tẹ̀ lé e gùn ún.” Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, ṣùgbọ́n òkúta ni mò ń dà sínú ìkòkò.

Ẹgbẹ́ náà wá onígìtá mìíràn láti ọ̀nà Kirikiri, wọ́n lọ, ayé gbọ́ nípa wọn. Ọdún kan gbáko, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Bọ́ńdìrì tí kì í lo orin wọn. Bọ̀ọ̀dá Wáyà fi àwo orin kan fèsì. Èsì ló pè é. Orin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fèsì.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo di ẹ́jẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road, mo bá ọkùnrin kan lórí àkàbà tó ń fa wáyà gba òkè àjà. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kí n tó dìde, ó ti yọ fóònù: àwo orin kẹrìndínlógún ti jáde.

“Kúdí, wàá gbọ́ ọ, wàá sọ bó ṣe rí fún mi.”

Ọ̀rọ̀ tó ti ń bù mí jẹ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá kò jẹ́ kí n lè pa irọ́ mìíràn. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Èkejì ò dáa. Ẹ̀kẹta burú. Lọ́jọ́ tí Góòdì wá, ó yẹ kí n ní kí ẹ lọ. Èmi ni mo fà yín sẹ́yìn.”

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, díẹ̀díẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

“Ṣé o rò pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló dá mi dúró? Mo bi ọ́ torí mo ti mọ ohun tí wàá sọ. Ká ní òótọ́ ni mò ń wá, ṣebí bàbá ẹ wà nínú yàrá.”

Omi bọ́ lójú mi láàárín àwọn akọ̀wé tó ń wò wá. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. “Kò sí èyí tó dáa nínú gbogbo ẹ̀ ni?”

Mo rò ó dáadáa. “Orin kejì nínú àwo kẹsàn-án. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Mi ò rí orin tó parí síbi tó yẹ tó bẹ́ẹ̀ rí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di àkàbà mú. “Ìyẹn! Kúdí, wọ́n mú iná lọ ni o!”

Láyé ìgbà yẹn, kí orin tó dé etí wa, a ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra kásẹ́ẹ̀tì, a ti yá rédíò aládùúgbò, a sì ti mọ ẹni tí a ó bá jà bó bá ní kò dùn. Lóde òní, àwọn ọmọ mi á fi àtàǹpàkò kan ojú fóònù, wọ́n á fi àmì ọkàn ránṣẹ́ sí olórin tí wọn ò gbọ́ orin rẹ̀ parí, wọ́n á sì kọjá sí òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń jẹgba nítorí olórin mọ́. Irọ́ tí a ń pa nígbà yẹn ná wa ní nǹkan. Tiwọn ò ná wọn ní nǹkan kan, bóyá ìdí sì nìyẹn tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀kẹtàdínlógún dé sórí fóònù mi. Mo gbọ́ ọ tán, mo fi òtítọ́ inú kọ̀wé sí i pé, “Bọ̀ọ̀dá, orin kẹrin ti gùn jù.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún òun, òun á tún un ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó fi èyí tó tún ṣe ránṣẹ́. Mo ṣí i, mo wo iye ìṣẹ́jú rẹ̀. Ó ti fi mẹ́ta lé e.